Ìperí fún Ìpalára Ọ̀nà Ẹ̀jẹ̀ Inú Eegun Ọrùn: Àgbéyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Náà 'Iṣan'

1.0 Ìfáárà

Nígbà tí ènìyàn bá ṣubú, tàbí tí ọkọ̀ bá dojú dé, tí ọrùn sì ń ro ẹni náà, gbólóhùn kan ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn tí ó wà nítòsí: "Iṣan ọrùn ló fà." Gbólóhùn yìí kò ṣàjèjì ní Ìkìrun, Ìníṣà àti Òkukù, àwọn ìlú mẹ́ta tí kò jìnnà sí ara wọn ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, níbi tí ọkọ̀ akérò, ọkọ̀ akẹ́rù àti ọ̀kadà ti jọ ń ná ọ̀nà kan náà. Ẹni tí a bá sọ bẹ́ẹ̀ fún kì í bẹ̀rù. Yóò wá òróró fi pa ọrùn, yóò sinmi, ara rẹ̀ yóò sì yá ní ọ̀pọ̀ ìgbà.

Ṣùgbọ́n ìpalára kan wà tí ó máa ń fara pamọ́ sábẹ́ gbólóhùn kan náà, tí òróró kò sì lè wò. Ìpalára náà ni ti ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tí ó gba inú eegun ọrùn kọjá lọ sí ọpọlọ, èyí tí àwọn ìwé ìṣègùn tí a fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ ń pè ní vertebral artery. Ẹni tí ó ní ìpalára yìí lè dìde kúrò níbi ìjàǹbá, kí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn délé, kí ó jẹun alẹ́, kí àrùn rọpárọsẹ̀ sì kọlù ú ní ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta. Nígbà náà, ó lè jẹ́ pé kò sí ẹni tí yóò rántí ọrùn mọ́.

Ète àpilẹ̀kọ yìí jẹ́ méjì. Èkíní ni láti ṣàlàyé bí ìpalára náà ṣe ń wáyé, àwọn àmì tí a fi ń mọ̀ ọ́n, àti ìtọ́jú rẹ̀. Èkejì ni láti dábàá àwọn ìperí tí olùkọ́, nọ́ọ̀sì àti aláìsàn lè jọ lò. Èrò tí ó so méjèèjì pọ̀ ni pé níwọ̀n ìgbà tí ohun mẹ́rin inú ọrùn bá ń jẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, ewu tí ó wà nínú ọ̀kan nínú wọn kò lè hàn kedere sí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ tàbí ẹni tí ń gbọ́.

2.0 Ohun tí 'iṣan' ń tọ́ka sí

Nínú Yorùbá ojoojúmọ́, ohun mẹ́rin ó kéré tán ni 'iṣan' ń tọ́ka sí. Bí wọ́n bá ní iṣan ọkùnrin kan le, ẹran ara tí ó fi ń sa agbára ni wọ́n ń sọ. Bí wọ́n bá ní iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ já, okùn líle tí ó so ẹran mọ́ eegun ni. Bí nọ́ọ̀sì bá ní òun ń wá iṣan tí òun yóò gún ní abẹ́rẹ́, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ni ó ń wá. Bí aláìsàn bá sì ní iṣan ẹsẹ̀ òun kú, tí òun kò mọ̀ ọ́n lára bí ènìyàn bá fọwọ́ kàn án, ohun tí ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ ni ó ń ṣàpèjúwe. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó yí i ká ni ó ń jẹ́ kí olùgbọ́ mọ èyí tí olùsọ ní lọ́kàn. Ní ọwọ́ tàbí ní ẹsẹ̀, èyí sábà máa ń tó. Ní ọrùn, kò tó, nítorí pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó kó jọ sí ibi tóóró kan náà.

Èdè Yorùbá nìkan kọ́ ni irú èyí bá. Ọ̀rọ̀ náà neuron, tí àwọn Gíríìkì àtijọ́ fi ń pe okùn tí ó so ẹran mọ́ eegun, ni ó padà di orúkọ ohun tí ń gbé ìmọ̀lára. Ọ̀rọ̀ wọn arteria, tí Gẹ̀ẹ́sì yá lò fún ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde láti inú ọkàn, ni wọ́n fi ń pe ọ̀nà èémí pẹ̀lú. Nítorí pé àwọn ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ náà máa ń ṣófo nínú òkú, ọ̀pọ̀ àwọn amòye ìgbà náà gbà pé afẹ́fẹ́ ni ó ń gba inú wọn kọjá. Galen ni ó fi hàn, ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejì lẹ́yìn ikú Jésù, pé ẹ̀jẹ̀ ni ó wà nínú wọn. Ìwé tí William Harvey sì tẹ̀ jáde ní ọdún 1628 ni ó ṣàlàyé pé ọkàn ni ó ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ, tí ẹ̀jẹ̀ náà sì ń padà bọ̀ wá sínú ọkàn. Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń lo orúkọ tí ó bá ọ̀nà èémí tan títí di òní. Yorùbá, tí ó ń wá orúkọ lẹ́yìn tí ìmọ̀ ti dé, kò ní láti jogún àṣìṣe yẹn.

Iṣẹ́ ìperí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láti ọdún 1970 ni ètò ìdánwò tí Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé kalẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ti ń fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Ní ọdún 1984 ni àkójọ èdè-ìperí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde, èyí tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ sì tẹ̀ lé e ní ọdún 1990. Ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ ni àwọn àkójọ wọ̀nyẹn dá lé lórí. Ti ara ènìyàn àti àìsàn rẹ̀ ṣì ń fẹ́ àmójútó púpọ̀.

Ní ti ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, ọ̀nà mẹ́ta ni ó ṣí sílẹ̀. Ọ̀nà kìíní ni 'iṣan ẹ̀jẹ̀', tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti mọ̀. Àìlera rẹ̀ ni pé nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, ìdajì rẹ̀ ni àwọn ènìyàn sábà máa ń pè; 'iṣan ẹ̀jẹ̀' yóò padà di 'iṣan', ìdàrúdàpọ̀ yóò sì padà wá. Ọ̀nà kejì ni 'ìṣọ̀n', tí àwọn òǹkọ̀wé kan ti ń lò, tí wọ́n sì ń fi 'àlọ' àti 'àbọ̀' ya oríṣi méjèèjì sọ́tọ̀. Ó kúrú, ó sì yàtọ̀ sí 'iṣan', ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá ka ìwé kò lè fi etí lásán mọ ohun tí ó jẹ́. Ọ̀nà kẹta ni 'ọ̀nà ẹ̀jẹ̀', tí ó fi ara rẹ̀ ṣàlàyé ara rẹ̀. Ọ̀nà kẹta yìí ni àpilẹ̀kọ yìí yàn, ó sì gba 'àlọ' àti 'àbọ̀' mọ́ ọn: 'ọ̀nà àlọ' fún èyí tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú ọkàn, 'ọ̀nà àbọ̀' fún èyí tí ń dá a padà. Àmì ohùn ṣe pàtàkì níhìn-ín. 'Àlọ' kì í ṣe 'àlọ́' tí a ń pa fún ọmọdé, bẹ́ẹ̀ ni 'iṣan' kì í ṣe 'ìṣàn' omi tàbí ti ẹ̀jẹ̀. Ìwé ìlera tí kò bá fi àmì sí orí ọ̀rọ̀ yóò tún ọ̀nà méjì dà pọ̀ di ọ̀kan.

3.0 Ìrísí eegun ọrùn

Eegun méje ni ó wà ní ọrùn ènìyàn, tí a tò léra wọn láti abẹ́ agbárí títí dé èjìká. Láàrin ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ohun rírọ̀ kan wà tí ń gba ìwúwo. Ẹni tí ó bá ti rí obìnrin tí ó ń gbé ẹrù bọ̀ láti oko mọ iṣẹ́ òṣùká: kì í jẹ́ kí ohun líle jókòó lé ohun líle. Nítorí náà, 'òṣùká eegun' ni orúkọ tí ó tọ́ sí ohun rírọ̀ náà.

Àwọn eegun méjì tí ó wà lókè yàtọ̀ sí ìyókù, kò sì sí òṣùká láàrin wọn. Èkíní dà bí òrùka, òun ni agbárí jókòó lé. Orúkọ òmìrán inú ìtàn ìwáṣẹ̀ Gíríìkì tí ó gbé ọ̀run rù ni àwọn oníṣègùn òyìnbó fi sọ ọ́, Atlas. Yorùbá kò nílò òmìrán náà: 'eegun agbórí' sọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Èkejì ní ohun kan tí ó yọ sókè bí èèkàn, inú òrùka eegun kìíní ni èèkàn náà sì wọ̀ sí. Èèkàn yìí ni eegun agbórí ń yí ká nígbà tí ènìyàn bá ń wo ọ̀tún àti òsì, tàbí tí ó ń mi orí láti sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Nǹkan bí ìdajì gbogbo yíyí tí ọrùn lè yí ni ó ń ṣẹlẹ̀ láàrin eegun méjèèjì yìí. A lè pe èkejì ní 'eegun eléèkàn'.

Ihò ńlá kan wà láàrin eegun kọ̀ọ̀kan, níbi tí okùn ọ̀pá ẹ̀yìn gbà kọjá láti ọpọlọ wá sísàlẹ̀. Èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́ nípa rẹ̀, nítorí pé bí ó bá já, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kò ní lè ṣiṣẹ́ mọ́. Ohun tí àwọn ènìyàn kò gbọ́ púpọ̀ ni pé ihò kékeré méjì tún wà, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Eegun ọrùn nìkan ni ó ní irú ihò bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo eegun ọ̀pá ẹ̀yìn. Inú àwọn 'ihò ẹ̀gbẹ́ eegun' wọ̀nyí ni ọ̀rọ̀ àpilẹ̀kọ yìí wà.

4.0 Ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà dé ọpọlọ

Ọ̀nà àlọ mẹ́rin ni ó ń gba ọrùn gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ. Méjì wà níwájú. Bí ènìyàn bá fi ìka méjì sí ẹ̀gbẹ́ gògóńgò rẹ̀, yóò mọ̀ ọ́n bí ó ti ń lù kìkì. Àwọn wọ̀nyí ni ó ń gbé èyí tí ó pọ̀ jù, nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún. Méjì yòókù wà lẹ́yìn, a kò sì lè fi ìka kàn wọ́n. Wọ́n ń gbé nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún. Ìwọ̀n náà lè dà bí ẹni pé ó kéré, ṣùgbọ́n ibi tí ó ń lọ kì í ṣe kékeré: ìdí ọpọlọ, níbi tí àṣẹ mímí, gbígbé oúnjẹ mì àti jíjí kalẹ̀ wà, ọpọlọ kékeré tí ó wà ní ìpàkọ́, tí ń jẹ́ kí ènìyàn dúró déédéé, àti apá ẹ̀yìn ọpọlọ ńlá, níbi tí a ti ń mọ ohun tí ojú rí.

Ọ̀nà àlọ ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan yà kúrò lára ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ńlá tí ó ń lọ sí apá. Nínú ènìyàn bíi mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, ihò ẹ̀gbẹ́ eegun kẹfà ni ó ti ń wọlé, yóò sì máa gba inú ihò kan bọ́ sí òmíràn títí yóò fi dé eegun agbórí. Níbẹ̀ ni yóò ti ṣẹ́rí sẹ́yìn, yóò yí eegun náà ká, yóò sì gba ihò ńlá ìsàlẹ̀ agbárí wọ inú orí. Nínú orí ni ti ọ̀tún àti ti òsì ti pàdé, tí wọ́n di ọ̀kan.

Àfiwé tí ó sún mọ́ ọn jù lọ ni ti okùn tí a fi sín ìlẹ̀kẹ̀. Bí ìlẹ̀kẹ̀ bá tò dáadáa, tí ó sì ń rọra yí, okùn kò ní wàhálà. Ṣùgbọ́n bí ìlẹ̀kẹ̀ kan bá fọ́, etí rẹ̀ tí ó mú lè gé okùn. Bí ìlẹ̀kẹ̀ méjì bá sì yẹ̀ lórí ara wọn, okùn tí ó wà láàrin wọn yóò nà, yóò fún, tàbí kí ó já. Ìdí nìyí tí ìperí tí a dábàá fún un fi jẹ́ 'ọ̀nà àlọ inú eegun ọrùn'. Ó gùn ju 'iṣan ọrùn' lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbọ́ ọ ti gbọ́ ìkìlọ̀ pẹ̀lú: ohun tí ó bá ṣe eegun lè ṣe ẹ̀jẹ̀ tí ó ń lọ sí ọpọlọ.

5.0 Bí ìpalára náà ṣe ń wáyé

Ìjàǹbá ọkọ̀ àti ọ̀kadà ni ó ń fa èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìpalára ọ̀pá ẹ̀yìn ní Nàìjíríà. Jíjábọ́ láti òkè tẹ̀ lé e: ẹni tí igbà já mọ́ lórí ọ̀pẹ, ẹni tí ó já láti orí igi èso, kọ́lékọ́lé tí ó já láti orí àkàbà. Ẹni tí ó fẹsẹ̀ kọ nígbà tí ẹrù wúwo wà lórí rẹ̀ tún wà níbẹ̀, nítorí pé gbogbo ìwúwo ẹrù náà ni yóò bọ́ lé ọrùn tí ó ti tẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ìpalára ọrùn ni ó ń kan ọ̀nà àlọ. Oríṣi mẹ́ta ni àwọn oníṣègùn máa ń fura sí jù lọ: kí eegun ṣẹ́ títí wọ inú ihò ẹ̀gbẹ́, kí eegun kan yẹ̀ kúrò lórí èkejì, àti kí ọ̀kan nínú eegun mẹ́ta òkè ṣẹ́. Lẹ́yìn àwọn wọ̀nyí, yíyí òjijì tàbí lílù ní ọrùn lè nà án ya láìjẹ́ pé eegun kankan ṣẹ́.

Awọ mẹ́ta ni ó para pọ̀ di ara ọ̀nà àlọ. Èyí tí ó wà nínú pátápátá fẹ́lẹ́ jù. Bí ó bá ya, ẹ̀jẹ̀ yóò máa wọ àárín awọ, yóò sì máa bó wọn kúrò lára ara wọn. Ohun mẹ́ta ni ó lè tẹ̀ lé e. Ọ̀nà náà lè fún títí tí yóò fi dí. Ara rẹ̀ lè wú bí àpò nítorí pé awọ òde nìkan ni ó kù tí ó dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Tàbí kí ẹ̀jẹ̀ dì sí ojú ibi tí ó ya, kí díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ dídì náà sì já, kí ó bá ìṣàn lọ sókè, kí ó lọ dí ọ̀nà tóóró kan nínú ọpọlọ. Èyí tí ó ń rìn yìí ni a lè pè ní 'ẹ̀jẹ̀ dídì alárìnkiri'.

Ní ọdún 1999 ni Walter Biffl àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Denver ní Amẹ́ríkà pín ìpalára ọ̀nà àlọ ọrùn sí ìpele márùn-ún, tí àwọn oníṣègùn ṣì ń lò. Ní ìpele kìíní, ojú ọ̀nà rí wúruwùru ṣùgbọ́n kò tíì fún tó ìdá mẹ́rin. Ní èkejì, ó ti fún ju bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí kí ẹ̀jẹ̀ dídì wà nínú rẹ̀. Ní ẹ̀kẹta, àpò ti yọ. Ní ẹ̀kẹrin, ó ti dí pátápátá. Ní ìkarùn-ún, ó ti já, ẹ̀jẹ̀ sì ń tú síta.

Àpẹẹrẹ kan tí gbogbo ayé gbọ́ ni ti Phillip Hughes, ará Ọsirélíà tí ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì. Ní ọjọ́ 25 oṣù kọkànlá ọdún 2014, ní ìlú Sydney, bọ́ọ̀lù líle bà á ní ẹ̀gbẹ́ ọrùn, ní ìsàlẹ̀ ibi tí àṣíborí rẹ̀ dé. Ọ̀nà àlọ inú eegun ọrùn rẹ̀ ya, ẹ̀jẹ̀ sì tú sí àyíká ọpọlọ. Ó kú ní ọjọ́ 27 oṣù náà, ní ọmọ ọdún 25. Àṣíborí wà lórí rẹ̀. Ọrùn ni kò sí ohun tí ó bò ó. Ẹ̀kọ́ yìí kan àwọn ọlọ́kadà pẹ̀lú. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2009 ni Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ líle mú òfin àṣíborí ní Nàìjíríà, tí àwọn kan fi ń dé igbá láti fi tan òṣìṣẹ́ jẹ. Òfin náà dára, ó sì ń gba ẹ̀mí là. Síbẹ̀, orí ni àṣíborí ń ṣọ́. Ẹni tí orí rẹ̀ kò fọ́ kò tíì mọ bí ọrùn òun ti rí.

6.0 Àwọn àmì, àti ìdí tí wọ́n fi ń ṣini lọ́nà

Ohun tí ó mú kí ìpalára yìí burú ni pé ó lè má fi àmì kankan hàn ní ọjọ́ kìíní. Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀nà méjì ni ó wà. Bí ọ̀kan bá dí, èkejì lè gbé ẹ̀jẹ̀ tí ó tó, pàápàá bí èyí tí ó dí bá jẹ́ èyí tí ó kéré nínú méjèèjì. Àwọn kan kì í mọ̀ títí ayé pé ọ̀kan ti dí. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dì síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wákàtí mélòó kan tàbí ọjọ́ mélòó kan lè kọjá kí alárìnkiri tó gbéra. Láàrin ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ó wọ́pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ó lè ju ọ̀sẹ̀ kan lọ.

Àwọn àmì tí ó yẹ kí a ṣọ́ ni: ìrora ọrùn tàbí ìpàkọ́ tí ó lé kenkà ní ẹ̀gbẹ́ kan, òòyì tí ń kọ́ni bí ẹni pé ilé ń yí, èébì, rírí ohun kan ní méjì, ọ̀rọ̀ tí ó wúwo lẹ́nu, oúnjẹ tàbí omi tí kò lọ dáadáa ní ọ̀fun, ìpéǹpéjú kan tí ó wálẹ̀, àti ìrìn tí kò dúró déédéé. Nígbà mìíràn, apá kan ojú yóò kú, nígbà tí apá kejì ara kò ní mọ ìrora tàbí ooru mọ́.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ kejì tún ti ń ṣini lọ́nà. 'Rọpárọsẹ̀' ni orúkọ tí Yorùbá fi ń pe àìsàn tí ń dé nígbà tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé apá kan ọpọlọ. Orúkọ náà ṣàpèjúwe ohun tí ojú rí: apá rọ, ẹsẹ̀ rọ. Fún ìdínà tí ó wáyé níwájú ọpọlọ, orúkọ náà bá a mu. Ṣùgbọ́n ní ti ẹ̀yìn ọpọlọ, apá lè má rọ, ẹsẹ̀ lè má rọ. Aláìsàn lè fún ènìyàn lọ́wọ́ gírígírí, síbẹ̀ kí ó máa rìn bí ẹni tí ó mutí yó. Àwọn ará ilé tí ó ń wá apá àti ẹsẹ̀ tí ó rọ kò ní rí i, wọn yóò sì ní kì í ṣe rọpárọsẹ̀. Bí ó bá wá dákú lójijì, àṣàsí tàbí iṣẹ́ ayé ni wọn yóò kà á sí, nítorí pé ẹni tí ara rẹ̀ le ní àná ni. Ìperí tí ó bá mẹ́nu kan ohun tí ó fa àìsàn ni yóò gba ibi tí èyí tí ó ṣàpèjúwe àmì kò dé. 'Ìdínà ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ' ni àbá tí ó wà fún èyí. A ó sì fi 'níwájú' tàbí 'lẹ́yìn' kún un. Rọpárọsẹ̀ yóò wá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àmì rẹ̀.

7.0 Àyẹ̀wò àti ìtọ́jú

Ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀ láti ojú ọ̀nà. Ẹni tí ó bá ń pariwo ọrùn lẹ́yìn ìjàǹbá, tàbí tí kò mọ ara rẹ̀, kò yẹ kí a fà á tu láti inú ọkọ̀, àfi bí iná tàbí omi bá fẹ́ gbẹ̀mí rẹ̀. Ó yẹ kí ènìyàn kan di orí àti ọrùn mú ní títò kan náà pẹ̀lú ẹ̀yìn, kí àwọn yòókù sì gbé e pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà sórí pákó tàbí ohun pẹlẹbẹ. Jíjókòó sí àárín ènìyàn méjì lórí ọ̀kadà lọ sí ilé ìwòsàn kò dára fún irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ní ilé ìwòsàn, àwòrán X-ray lásán lè fi eegun tí ó ṣẹ́ hàn, kò lè fi ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ hàn. Ẹ̀rọ CT ni ó lè ṣe é, bí wọ́n bá fi oògùn tí ń mú kí ẹ̀jẹ̀ hàn nínú àwòrán sí aláìsàn lára. Nítorí náà, láti Ìkìrun, Ìníṣà tàbí Òkukù, ilé ìwòsàn ńlá ni irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ yóò ní láti dé. Ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti yunifásítì wà ní Òṣogbo, ó wà ní Ilé-Ifẹ̀, ó sì wà ní Ìbàdàn, níbi tí Latunde Odeku, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó di oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn UCH ní ọdún 1962.

Bí wọ́n bá rí ìpalára náà, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, bíi aspirin tàbí heparin, ni ó ń dín ewu ìdínà ọpọlọ kù. Ṣùgbọ́n oníṣègùn nìkan ni ó lè sọ ìgbà tí ó yẹ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya nínú orí tàbí nínú ikùn ẹni náà, oògùn kan náà lè pa á. Ẹni tí ó bá lo aspirin fúnra rẹ̀ nítorí pé ó gbọ́ pé ó dára lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ara rẹ̀. Nǹkan bí ọjọ́ méje sí mẹ́wàá lẹ́yìn èyí, wọn a máa tún àwòrán yà láti mọ̀ bóyá ibi tí ó ya ti ń jinná. Ní ti àpò tí ó ń tóbi tàbí ọ̀nà tí ó já, oníṣègùn lè gba inú ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ wọlé láti dí i tàbí láti fi ohun tí yóò gbé e ró sí i.

Ọ̀rọ̀ kan kan àwọn tí ń to eegun. Ìmọ̀ wọn ti pẹ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní agbègbè yìí sì ń kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ wọn nígbà tí apá tàbí ẹsẹ̀ bá ṣẹ́. Ọrùn kì í ṣe apá, kì í sì í ṣe ẹsẹ̀. Fífa ọrùn tí eegun rẹ̀ ti yẹ̀, tàbí yíyí i kí ó lè dún, lè gé okùn tí ó wà nínú ìlẹ̀kẹ̀. Kódà ní ti ọrùn tí kò ṣẹ́, ẹgbẹ́ American Heart Association kìlọ̀ ní ọdún 2014 pé ìbátan wà láàrin fífa ọrùn àti yíya awọ inú ọ̀nà àlọ ọrùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò tíì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé fífà náà gan-an ni ó ń fa yíya. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Oníṣègùn eegun tí ó bá mọ̀ pé ọ̀nà àlọ wà nínú eegun ọrùn, tí ó sì sọ fún àwọn tí ó gbé aláìsàn wá pé kí wọ́n tètè máa lọ sí Òṣogbo, ti ṣe ìtọ́jú tí ó pọ̀.

8.0 Àkójọ ìperí tí a dábàá

Ọ̀nà ẹ̀jẹ̀: ohunkóhun nínú ara tí ẹ̀jẹ̀ ń gba inú rẹ̀ ṣàn.

Ọ̀nà àlọ: ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú ọkàn, ó máa ń lù kìkì.

Ọ̀nà àbọ̀: ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tí ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sínú ọkàn, inú rẹ̀ ni a sábà máa ń fi abẹ́rẹ́ sí.

Ọ̀nà àlọ iwájú ọrùn: èyí tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ gògóńgò, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì.

Ọ̀nà àlọ inú eegun ọrùn: èyí tí ó gba ihò ẹ̀gbẹ́ eegun ọrùn kọjá lọ sí ẹ̀yìn ọpọlọ.

Fọ́nrán ìmọ̀lára: èyí tí ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ.

Iṣan: ẹran tí ń fún tí ó sì ń nà, pẹ̀lú okùn tí ó so ó mọ́ eegun. Ìlò yìí nìkan ni a fi sílẹ̀ fún un.

Eegun agbórí: eegun kìíní ọrùn, tí agbárí jókòó lé.

Eegun eléèkàn: eegun kejì ọrùn, tí eegun agbórí ń yí lórí èèkàn rẹ̀.

Òṣùká eegun: ohun rírọ̀ tí ó wà láàrin eegun ọ̀pá ẹ̀yìn méjì.

Yíya awọ inú: ìpalára tí awọ inú ọ̀nà àlọ fi ya, tí ẹ̀jẹ̀ fi wọ àárín awọ.

Ẹ̀jẹ̀ dídì alárìnkiri: ẹ̀jẹ̀ dídì tí ó já kúrò níbi tí ó ti dì, tí ó lọ dí ibòmíràn.

Ìdínà ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ: àìdé ẹ̀jẹ̀ sí apá kan ọpọlọ, yálà apá àti ẹsẹ̀ rọ tàbí wọn kò rọ.

9.0 Àgbálọgbábọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ti fi hàn pé ìpalára ọ̀nà àlọ inú eegun ọrùn jẹ́ ohun tí ó ṣeé mọ̀, tí ó sì ṣeé tọ́jú, bí a bá tètè fura sí i. Ó tún ti fi hàn pé ọ̀rọ̀ méjì tí ó wà nílẹ̀, 'iṣan' àti 'rọpárọsẹ̀', ń mú kí ìfura náà ṣòro: èkíní kó ohun púpọ̀ pọ̀, èkejì kò kó ohun tí ó yẹ tán. Kò sí ìdí láti lé èyíkéyìí nínú wọn jáde kúrò nínú èdè. Ohun tí ó yẹ ni kí a fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ààyè tirẹ̀, kí a sì fi ọ̀rọ̀ tuntun dí àlàfo tí ó kù.

Ìperí kì í di ti èdè nítorí pé a tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé. Ẹnu àwọn tí ń lò ó ni ó ń sọ ọ́ di ti èdè. Bí olùkọ́ ìlera ní Ìníṣà bá fi okùn àti ìlẹ̀kẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, bí nọ́ọ̀sì ní Ìkìrun bá bi aláìsàn léèrè bóyá òòyì ń kọ́ ọ láti ìgbà tí ó ti ṣubú, bí awakọ̀ ní Òkukù bá sì lè sọ pé, "Ẹ má fa ọrùn rẹ̀, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ wà nínú eegun," àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí yóò ti ṣe iṣẹ́ tí a tìtorí rẹ̀ dá wọn.